Ohun Tó Wà Nínú Ìgò

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ tuntun lé ọ lọ́wọ́ ní yunifásítì, pé ìwọ ni yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn bí a ṣe ń bá aláìsàn lò ní ìbámu pẹ̀lú àṣà àti ẹ̀sìn rẹ̀. O kú oríire. Mo ti ka ètò ẹ̀kọ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ojú ìwé kan fún Hausa, ọ̀kan fún Ìgbò, ọ̀kan fún Yorùbá. Fà á ya.

Ta ni ìyẹn fẹ́ ṣe lóore ní Alímòṣọ́ níbí? Ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sì sí èyí tó pọ̀ tó o ní gbogbo Èkó nígbà náà. Àwórì ló nilẹ̀, ṣùgbọ́n lọ dúró ní ọjà Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́ kí o wo ẹni tó ń kọjá. Ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Ẹgbẹ́dá lè fi Yorùbá bú ọ ju bí ọmọ tìrẹ ti lè ṣe lọ. Nínú ilé kan náà, ìyá lè jẹ́ Alhaja kí ọmọ rẹ̀ máa wọ sùtánà Sẹ̀lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá há ìwé rẹ yẹn sórí yóò gbọ́ orúkọ oníbàárà, yóò sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán.

Ìbéèrè ni kí o kọ́ wọn, àti bí a ṣe ń béèrè rẹ̀. Mú Flagyl. Ìwé inú páálí rẹ̀ ní kí ẹni tó ń lò ó má mutí. Ọmọ tó wọ kóòtù funfun á bi ìyá ìjọ léèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń mutí, mà?" Ìyá á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Kò purọ́ o. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí inú ike tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ? Oògùn nìyẹn lójú tirẹ̀. Ẹni tó mọ ìlú á kọ́kọ́ kí i, á béèrè àlàáfíà ilé, á rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹni tó tò sẹ́yìn má baà gbọ́, á wá ní, "Kí lẹ tún ń lò mọ́ ọn, mà? Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?" Ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yí padà nígbà tó bá gbọ́ ìdáhùn. Ìyá tí wọ́n bá yínmú sí àgbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lè bọ́ sí sààrì àti ìṣínu, àfi ti ìtọ̀ ṣúgà tó yẹ kí dókítà tún wò. Ti ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n béèrè bóyá ó ṣeé pààrọ̀.

Kí wọ́n má sì rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ lásán ni títẹ́tí sílẹ̀. Niprisan, oògùn àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, Ẹniọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá: ìyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà. Ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá, NIPRD, jókòó tì í, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, NAFDAC sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2006.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti pẹ́ rèé. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa pé eyín ló ń mú ara ọmọ gbóná. Àwọn oníṣòwò náà gbọ́, wọ́n sì rọ oògùn eyín sínú ìgò fún wa. Ní ìparí 2008, àwọn ọmọ tó mu My Pikin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn eyín náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Diethylene glycol ló wọnú rẹ̀, kẹ́míkà tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó lé ní 80 ọmọ tó bá a lọ. Àwọn tó ń ta oògùn eyín mọ àṣà wa dáadáa, Àṣàkẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ìwé rẹ lọ. Bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ pé: mélòó nínú àwa olóògùn tó dúró sẹ́yìn káńtà ló sọ fún ìyá ọmọ pé eyín kì í fa ibà líle, kó tó gba owó rẹ̀?

Kì í ṣe pé kí wọ́n bú ìgbàgbọ́ rẹ̀ o. Bí ìyá ọkọ bá bá a wá, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, torí òun ló máa pinnu nílé: "Eyín ń yọ lóòótọ́, mà, ṣùgbọ́n ara tó gbóná báyìí, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kó má lọ jẹ́ ibà ẹ̀fọn." Kí wọ́n fi ara wọn ṣe eré rẹ̀ ní kíláàsì, kí ẹnì kan ṣe ìyá ọkọ tó le.

Lẹ́yìn náà, kó wọn wá sọ́dọ̀ mi, méjì méjì, láìwọ kóòtù. Màá mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ kan ní Ìkòtún. Kí wọ́n ra nǹkan kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì ya fọ́tò. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ni kí o kọ́kọ́ rán. Fi ọjọ́ tó wù ọ́ ránṣẹ́ kí n lè bá ìyá ẹlẹ́wé náà sọ ọ́. Àfi ọjọ́ Ẹtì, torí ó máa ń lọ kí Jímọ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ ní Ìgándó