Òkun Tó Ti Jẹ́ Adágún Nígbà Méjì

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Vaasa, lórílẹ̀-èdè Finland, létí òkun Baltic. Ó ní iyọ̀ omi òkun náà kò tó ti òkun Èkó rárá, pé adágún ni tẹ́lẹ̀ rí, àti pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń ga sí i lọ́dọọdún. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ṣé òkun lè di adágún, kó tún padà di òkun? Báwo làwọn onímọ̀ sì ṣe mọ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀?

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àdúrótì ọmọ, Ìyá wa. Ọmọ yín kò fi yín ṣeré o. Òótọ́ pọ́nńbélé ló sọ.

Yìnyín ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín bo Sweden àti Finland mọ́lẹ̀ pátápátá. Níbi tó ti ki jù, ó tó kìlómítà 2 sí 3. Ẹrù yẹn tẹ ilẹ̀ rì wọnú. Nígbà tí ooru dé tí yìnyín ń yọ́, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ pọ̀. Omi yìnyín ayé ya sínú òkun ńlá, òkun sì ń ga. Ilẹ̀ tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀, bíi tìmùtìmù tí ẹni tó sanra ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí òkun bá borí ilẹ̀, omi iyọ̀ á wọ Baltic; bí ilẹ̀ bá borí òkun, ọ̀nà á dí, Baltic á di adágún.

Ìpele àkọ́kọ́ ni Adágún Yìnyín Baltic. Omi tó yọ́ kóra jọ, yìnyín tó ṣẹ́ kù sì sé e mọ́, débi pé ojú rẹ̀ ga ju ti òkun lọ. Ní nǹkan bí 11,700 ọdún sẹ́yìn, yìnyín fà sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá òkè Billingen ní àárín Sweden. Bí ọ̀nà ṣe là báyìí, omi ya lọ sókun, ojú adágún sì wálẹ̀ ní bíi mítà 25.

Àárín Sweden yìí kan náà ni omi iyọ̀ gbà wọlé fúngbà díẹ̀, ìyẹn nígbà Òkun Yoldia. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò yéé dìde, ó sì dí ọ̀nà náà. Ní nǹkan bí 10,700 ọdún sẹ́yìn, ó tún di adágún, Adágún Ancylus. Nígbà tó yá, òkun ga títí tó fi gba ilẹ̀ Denmark tó rẹlẹ̀ wọlé. Láti nǹkan bí 8,500 ọdún sẹ́yìn ló ti di Òkun Littorina, iyọ̀ rẹ̀ nígbà náà sì ju ti òde òní lọ.

Ẹ bèèrè pé báwo la ṣe mọ̀. Orúkọ àwọn ẹ̀dá inú ìkarahun ni Yoldia, Ancylus àti Littorina. Yoldia, tí ìkarahun rẹ̀ pín sí méjì, inú òkun tútù ló ń gbé. Ancylus jẹ́ ìṣáwùrú kékeré inú odò, kì í gbé inú omi òkun. Littorina ní tiẹ̀ jẹ́ ìṣáwùrú etí òkun. Ìkarahun tí wọ́n bá hú jáde nínú ilẹ̀ ló ń sọ irú omi tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Amọ̀ pàápàá ń jẹ́rìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi yìnyín máa ń gbé erùpẹ̀ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ wá. Nígbà òtútù, èyí tó kúnná tó sì dúdú ló ń rọra balẹ̀. Ìlà méjì yìí jẹ́ ọdún kan. Gerard De Geer, ará Sweden, ló kọ́ ayé bí a ṣe ń ka àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi mọ iye ọdún.

Ní ti iyọ̀, ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ Denmark nìkan ni omi òkun ńlá ń gbà wọlé lónìí, bẹ́ẹ̀ odò púpọ̀ ló ń ṣàn sínú Baltic. Nínú lítà omi òkun ńlá kan, iyọ̀ tó bíi gíráàmù 35. Láàárín Baltic, kò ju bíi 7 lọ, ti Vaasa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín lè rí ẹja òkun àti ẹja odò nínú àwọ̀n kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ náà kò tíì sinmi. Ní agbègbè Vaasa, ó ń ga ní bíi mìlímítà 8 lọ́dún. Èbúté ìlú náà ti gbẹ kú díẹ̀díẹ̀ kí iná tó jó ìlú ní 1852. Nígbà tí wọ́n máa tún un kọ́, wọ́n gbé e lọ sétí omi, bíi kìlómítà 7 síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín lọ wo àwókù ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Vaasa àtijọ́. Á rí i bí etíkun ṣe jìnnà síbẹ̀ tó.

Ohun kan ló ń ká mi lára. Nítorí pé ọ̀nà Baltic tóóró, omi inú rẹ̀ ń lo nǹkan bí 30 ọdún kó tó pààrọ̀ tán. Ajílẹ̀ àti ẹ̀gbin tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ kì í tètè jáde. Ilẹ̀ àti òkun ló ń bá ara wọn du Baltic láyé àtijọ́. Lónìí, ọwọ́ orílẹ̀-èdè 9 tó yí i ká ni ìlera rẹ̀ wà, ó sì yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ẹ bá mi kí ọmọ yín, kó má ṣe yéé kíyè sí ibi tó wà.