Bí A Ṣe Lè Mú Kí Alùpùpù Ní Agbára Sí I

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni alùpùpù ń bọ́. Ẹlòmíràn fi ń gbé èrò, ẹlòmíràn fi ń gbé kòkó láti oko wá sílé. Ẹni tó bá gbé èrò àti ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí alùpùpù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, yóò fẹ́ agbára sí i. Àwọn ènìyàn á sì gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ gbẹ́ sílíńdà fẹ̀, tàbí kó yọ inú sàlẹ́ńsà dànù. Kí ó tó náwó yẹn, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí agbára ti ń wá.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìn ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fa atẹ́gùn àti bẹntiróòlù wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ṣáná sí i, ó gbiná, iná náà sì ti písítìn lọ sísàlẹ̀ tagbáratagbára. Lẹ́yìn náà ó tún gòkè, ó lé èéfín jáde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kẹta nìkan ló ń mú owó wálé. Ìnáwó ni mẹ́ta yòókù. (Alùpùpù tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ kò rí báyìí, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀.)

Ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ jẹ́ ká fi Honda CG125 ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é jáde, wọ́n sì rò ti àwọn ilẹ̀ tí ẹrù ti máa ń wúwo, tí àtúnṣe kì í sì í yá. Ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5.65. Písítìn ń rin sẹ̀ǹtímítà 4.95 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ pín 5.65 sí méjì, yóò jẹ́ 2.825. Ẹ fi 2.825 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 3.1416 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi 4.95 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ó rí 124 àti díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní 125.

Wàyí o, ká ní a gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i ní mílímítà 1, a sì fi písítìn tó tóbi síbẹ̀. 5.65 ti di 5.75 nìyẹn. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: 128.5 ni yóò jáde. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, 4 àti díẹ̀ ló fi lé e! Ẹ́ńjìnnì yìí ní bí agbára ẹṣin 11 nígbà tó wà ní tuntun. Èyí tí a rí fi kún un kò tó ìdajì agbára ẹṣin kan. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ sílíńdà o. Bí ó bá ti jẹ, gbígbẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára àtijọ́ ló máa ń dá padà.

Agbára àtijọ́ yẹn gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, torí ọ̀nà tó ń gbà sá lọ pọ̀. Bí ríǹgì písítìn bá ti jẹ, iná á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ́ìlì á máa jó, èéfín á sì rí bí aró. Bí àlàfo fálífù bá fún jù, fálífù kò ní lè pa dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, yóò sì jóná. Bí ó bá fẹ̀ jù, ẹ ó máa gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, fálífù kò sì ní ṣí tó. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí mẹkáníìkì tó wọn àlàfo yìí. Èyí tó bá fi etí nìkan wọ̀n ọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ó bá dúdú bí èédú, bẹntiróòlù ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo àsẹ́ atẹ́gùn bóyá ó ti dí. Bí ó bá funfun, bẹntiróòlù kò tó, ooru ń pọ̀, písítìn sì lè lu. Bí ó bá ní àwọ̀ bíi tábà, ó dára. Ẹ tún gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí kò bá yí gẹ́rẹ́, bóyá bíréèkì ń di í mú, bóyá ṣéènì ló le jù. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè borí ìyẹn.

Ní ti àwọn tó ń yọ àsẹ́ atẹ́gùn sọnù kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa: eruku ọyẹ́ á wọlé, á sì jẹ ríǹgì bí ìgbà tí a bá fi iyanrìn fọ̀kòkò. Sàlẹ́ńsà tí wọ́n tú inú rẹ̀, ariwo ló ń tà fún ará àdúgbò.

Ẹni tí òkè ló ń dààmú lè pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ eléyín tí ṣéènì ń gbà kọjá. Ká ní ti iwájú ní eyín 14, ti ẹ̀yìn ní 42. Ti iwájú gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi eléyín 45 sí ẹ̀yìn, ìfà á lé ní bí 7 nínú 100, ó ju èyí tí gbígbẹ́ sílíńdà fún wa lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Àmọ́ eré rẹ̀ lójú títì tó tẹ́jú á dínkù.

Ẹni tó bá sì rí agbára gùn òkè gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po 2, ìlọ́po 4 ni ibi tí bíréèkì yóò fi mú un dúró. Nítorí náà, kí a tó fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ká pààrọ̀ bíréèkì tó ti jẹ, níwájú àti lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀mí ẹni tó ń gùn ún nìkan ló wà níbẹ̀. Èrò wà lẹ́yìn.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí sínú ìwé yín: bí eléyín iwájú bá jẹ́ 15, tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 48, ẹ̀ẹ̀melòó ni ti iwájú yóò yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan? Ṣé ti òkè ni, tàbí ti ojú títì tó tẹ́jú, bí ẹ bá fi wé 14 àti 42?