Kókó Inú Ọlọ Inú: Kí Ni Àwòrán Onítànṣán Lè Fi Han Dókítà?

Ẹni tó bá ń kun ẹran Iléyá mọ ọlọ inú: ẹran pupa-dúdú pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ àpòlúkù. Òun ni hádíìsì Ibn Umar dárúkọ pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ pé ó tọ́ fún wa láti jẹ. Tiwa wà lábẹ́ ìhà òsì, ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá ti gbó, lẹ́yìn bí 120 ọjọ́, òun ló ń mú un kúrò.

Kókó kì í sábà hù níbẹ̀. Bí ọlọ inú bá wú nílẹ̀ wa, ibà ló sábà máa ń fà á, tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lára ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí skáànì bá fi kókó hàn, ọkàn gbogbo ẹbí ò ní balẹ̀ mọ́: ṣé jẹjẹrẹ ni? Fífi abẹ́rẹ́ bù díẹ̀ níbẹ̀ wò lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya, torí ibi ẹ̀jẹ̀ ni. Yíyọ ọlọ inú kúrò náà kì í ṣe ohun eré. Ẹni tí kò ní i mọ́, àwọn kòkòrò àrùn kan lè tètè borí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára di dandan fún un.

Níbẹ̀ ni àwòrán onítànṣán ti wúlò. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á po èròjà technetium-99m mọ́ ọn, wọ́n á fi ooru pa á lára díẹ̀ kó lè dà bí èyí tó ti gbó, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Ọlọ inú á gbá a mú, bí iṣẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà gamma á ya ibi tí ìtànṣán ti ń jáde. Bí kókó náà bá gbá a mú pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹran ọlọ inú gan-an, irú hamartoma, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣófo, ọ̀rọ̀ ò tíì tán: ó lè jẹ́ àpò omi lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò mìíràn ni yóò yanjú ìyẹn.

Agbára èròjà yìí ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6-6. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ tètè máa tọ̀, ẹ da omi púpọ̀ sí ṣáláńgá, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tahárà. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mú gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá bọ́ sínú Ramadan, ẹ má fi òùngbẹ pa aláìsàn: Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un láti san ààwẹ̀ náà padà lọ́jọ́ mìíràn.