Ẹ Má Fi Ọmọ Kan Sábẹ́ Kóòṣì Mẹ́ta: Ìkìlọ̀ fún Òbí Ọmọ Tó Ń Gbá Béésìbọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin òbí ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ yín ń gbá béésìbọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́ tàbí ládùúgbò, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Púpọ̀ nínú wa kò gbá eré yìí rí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù la máa ń sanwó fún. Kóòṣì ẹgbẹ́ á kọ́ ọmọ ní tirẹ̀, kóòṣì tí a háyà á kọ́ ọ ní òdìkejì, fídíò orí YouTube á tún mú ẹ̀kẹta wá. Ewu wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn kóòṣì ń jiyàn lé lórí. Ted Williams ti Boston Red Sox, tó gbá .406 lọ́dún 1941, ìyẹn ni pé ó yege ní bí ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá, kọ́ni pé ìbàdí ni kó kọ́kọ́ yí, kí ọwọ́ tẹ̀lé e, kí igi sì máa gòkè díẹ̀ bó ṣe ń pàdé bọ́ọ̀lù. Orí òkìtì ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù máa ń dúró sí, bọ́ọ̀lù sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni; igi tó ń gòkè díẹ̀ yóò pẹ́ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ti Charley Lau, kóòṣì gbígbá bọ́ọ̀lù, yàtọ̀: kí ọmọ fi ara sẹ́yìn ná, kó wá gbé ìwúwo ara rẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú, kó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù, kó sì lè gbá a sí ibikíbi nínú pápá. George Brett ti Kansas City Royals gba ẹ̀kọ́ yìí, ó sì gbá .390 lọ́dún 1980.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sókè kó lè fò kọjá ògiri pápá, èyí tí wọ́n ń pè ní home run. Houston Astros yọ J.D. Martinez kúrò lẹ́gbẹ́ lọ́dún 2014. Ọ̀nà yìí ló fi tún gbígbá rẹ̀ ṣe, nígbà tó sì di 2017, home run 45 ló gbá. Láti 2015 tí ẹ̀rọ Statcast ti ń wọn bọ́ọ̀lù ní gbogbo pápá líìgì ńlá ni òkìkí ẹ̀kọ́ náà ti kàn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti mú èèyàn dé òkè. Ẹ sá fún kóòṣì tó bá ní tòun nìkan ló tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà pọ̀ kò ní kí ọmọ máa tọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù àgbà tó ń sáré máìlì 95 ní wákàtí kan kò ní lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé. Kò sí àyè ìrònú níbẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ara lára ni ara yóò ṣe. Ọmọ tí ẹnì kan ní kó bọ́ síwájú, tí ẹlòmíràn ní kó dúró sẹ́yìn, yóò ṣì máa rò ó nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá. Bákan náà, ọmọ kékeré tí wọ́n ní kó máa gbá bọ́ọ̀lù sókè kò tíì ní agbára tí yóò gbé e dé ògiri. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ pápá ni yóò máa já sí.

Ara ọmọ náà ń kọ́? Bí ọmọ tó ṣì ń dàgbà bá ń fi agbára yí ẹ̀yìn léraléra, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lè sán. Bó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ dá eré dúró, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ni pé kí ọmọ sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kó sì fi oṣù méjì sí mẹ́ta lọ́dún sinmi kúrò nínú eré kan ṣoṣo tó bá dì mú.

Ohun tí mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ yan kóòṣì kan fún gbígbá ọmọ yín. Bó bá di dandan kí wọ́n jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bi kóòṣì pé: "Kí lẹ rí lára ọmọ mi? Kí lẹ fẹ́ yí padà, kí sì nìdí rẹ̀?" Èyí tí kò bá lè ṣàlàyé, ẹ má sanwó fún un. Ẹ má fi òkìkí tó ní nígbà tó ń gbá eré yàn án: ìpíndọ́gba gbígbá Lau fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi gbá eré kò ju .255 lọ. Ẹ jẹ́ kí kóòṣì yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìdíje bá ti parí, kì í ṣe láàárín rẹ̀. Kí ẹ̀yin náà má sì máa pariwo ẹ̀kọ́ láti ẹ̀gbẹ́ pápá, nítorí ìyẹn ti di kóòṣì mìíràn.

Owó yín lẹ ń ná, ara ọmọ yín ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀.