Láti Èrìò dé Òkè-Ìmẹ̀sí: Ẹ Béèrè Ìyá Ọlọ̀tẹ̀

Ẹni tó wá sí Èrìò tó fẹ́ rí ibi tí ogun Kírìjí, ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ti ṣẹ̀ kò ní rìn jìnnà. Ẹ gba títì tó forí lé Ẹ̀fọ̀n dé Ìta Awúrẹ́, kí ẹ béèrè ọ̀nà Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ibẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ gbéra, kí ẹ sì ti wọ̀ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkè ló yí ìlú náà ká, àwọn tó ń kọ́ nípa àpáta sì máa ń ti yunifásítì wá wò wọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gùn wọ́n, òjò a máa mú kí àpáta yọ̀.

Ní 1878, Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa Oyèpẹ́tùn, ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi síbẹ̀. Lójú Ìbàdàn, ọlọ̀tẹ̀ ni. Wọ́n ní kí wọ́n fà á lé àwọn lọ́wọ́, ìlú kọ̀. Bí Èkìtìparapọ̀, àjọṣe àwọn ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ṣe dìde nìyẹn, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ní 23 September 1886 ni wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Ìtàn ní ìwà tí wọ́n hù sí ìyàwó Fábùnmi ló mú un fa idà yọ. Àwọn èèyàn ajẹ́lẹ̀ a máa gba ewúrẹ́, wọn a gba oúnjẹ, wọn a sì fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Ta ló ń wo gbogbo èyí láti ẹnu ọ̀nà yàrá? Àwọn ìyá ni. Àwọn náà ló fi ọmọ sílẹ̀ fún ibùdó ogun lọ́dọọdún. Ó dùn mí pé ìbọn àti oyè ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbọ́ kí wọ́n tó padà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Kearney, ní Missouri l'Amẹ́ríkà, nígbà kan: ọ̀dọ̀ ìyá ni àlejò máa ń lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Jesse James, ògbólógbòó adigunjalè, ní 1882, àgbàlá ilé ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Zerelda, ìyá náà, ló ń gbowó ìwòran, òun náà ló sì ń sọ ìtàn. Apá kan ló fi ń ṣe é: ohun abúgbàù tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jù sínú ilé rẹ̀ ní 1875 ló mú kí wọ́n gé èkejì, ó sì pa ọmọ rẹ̀ kékeré. Fábùnmi kì í ṣe olè, kò jọ Jesse rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bí ọlọ̀tẹ̀ ló mọ ohun tí ọ̀tẹ̀ ná ilé.

Ààfin Ọwá Oòyè ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sọ́dọ̀ àwọn yèyé àgbà nínú agboolé. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin. Ẹ má yọ fóònù kí wọ́n tó gbà yín láyè. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ki ìdílé ìyá Fábùnmi fún yín, nítorí nínú oríkì ni ilé ìyá ti ń fara hàn. Ó lè gba gbogbo ọ̀sán. Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi ibùdó Èkìtìparapọ̀, wà níwájú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ fi í di ọjọ́ kejì dípò kí ẹ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yèyé.