Ẹni Tó Da Omi Síwájú ní Gounghin

Òwe kan wà tí àwa Yorùbá fi ń tu ara wa nínú: omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ó dára fún ọ̀rọ̀ oyè, ó dára fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ti ọkọ. Ṣùgbọ́n ní ti omi gan-an, èyí tí ọ̀fun ń mu, ẹ má gbé ara lé e. Ẹni tó bá ń gbé Gounghin, ní ìwọ̀-oòrùn Ouagadougou, mọ̀ pé omi lè ṣàn kọjá èèyàn mọ́jú. Wọ́n á ṣí ẹ̀rọ lówùúrọ̀, yóò mí fìn-ín, yóò kán ẹ̀kán méjì, ó parí. Aládùúgbò tó jí lóru ti pọn tirẹ̀ sínú dúróòmù. Ẹni tó ní ti òun kò ní ṣàn kọjá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kẹ́ẹ̀gì. Òwe tí mo mú wá sí Gounghin ni pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìlú Ouagadougou fúnra rẹ̀, omi tí wọ́n dà síwájú ló ń mu. Kò ní odò ńlá kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá bí Ògùn ṣe gba Abẹ́òkúta. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Nínú oṣù tó kù, ọ̀dá ni, ọyẹ́ ni, ooru ni. Adágún tí wọ́n fi ògiri sé ni ìlú gbójú lé: ti Loumbila tí wọ́n ṣe ní 1947, àti ti Ziga lórí odò Nakanbé, tó tó nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà sí ìlú, tí omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ouagadougou ní 2004. ONEA, ilé-iṣẹ́ omi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985 nígbà ìjọba Thomas Sankara, ló ń fọ omi náà mọ́, tó ń fi ẹ̀rọ tì í wá sí ìgboro. Iná mànàmáná ló ń gbé ẹ̀rọ ọ̀hún ṣiṣẹ́. Apá kan iná náà sì ń gba orí wáyà wá láti Côte d'Ivoire àti Ghana. Nítorí náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ lórí wáyà ní ọ̀nà jíjìn, ẹnu ẹ̀rọ lè gbẹ ní Gounghin láìjẹ́ pé adágún gbẹ.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tún ní tirẹ̀. Ní ìgbà ooru ọdún 2016, omi kò ká Ouagadougou mọ́, ó sì di ohun tí wọ́n ń pín ní àdúgbò-àdúgbò. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí ooru ọ̀sán máa ń kọjá ogójì lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni gbogbo ilé ń fẹ́ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni adágún ń lọ sílẹ̀, tí iná sì máa ń ṣe ségesège. Omi ló tán lẹ́yìn ẹja tó fi dèrò ìṣasùn. Nígbà tí ẹja bá mọ̀ pé omi ti ń fà, ó ti pẹ́ jù; èèyàn ní tirẹ̀ ní kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ó yẹ kí dúróòmù ti wà nílẹ̀ ní oṣù kejì, kí iye tí àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri ń gbà tó lọ sókè. Àwọn wọ̀nyí ni mẹ́rúwà ibẹ̀: dúróòmù lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tì láti ẹnu ẹ̀rọ gbogboogbò lọ sílé oníbàárà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí omi tán kó tó pè wọ́n, iye tí wọ́n bá pè náà ló máa san.

Ọ̀dá nìkan kọ́ ni a ń torí rẹ̀ pọnmi pamọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òjò tó rọ̀ sí Ouagadougou láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo tó mìlímítà 263. Omi òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 800, nítorí náà nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òjò ọdún ló wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò bi onílé. Ilé alámọ̀ wó lulẹ̀, omi wọ ilé ìwòsàn ńlá Yalgado débi pé wọ́n ní láti kó àwọn aláìsàn jáde, nǹkan bí 150,000 èèyàn ló sì fara gbá. Ọ̀pọ̀ wọn sùn sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Ohun tó yẹ kí ará Gounghin rántí nípa ọjọ́ yẹn ni pé omi kún ìta, kò sì sí èyí tí ẹnu lè gbà nínú rẹ̀. Bí àgbàrá bá wọ ṣáláńgá, tó tún wọ kànga, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Gounghin sì wà lẹ́bàá ojú ọ̀nà omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ààfin Mogho Naba, ọba àwọn Mossi, lọ sí àwọn adágún àríwá ìlú. Ilé tó sún mọ́ irú ojú omi bẹ́ẹ̀ nílò omi àpamọ́ lásìkò òjò bó ṣe nílò rẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, èyí sì ti kọjá àgbọ́tẹ́lẹ̀. A ti fojú rí i.

Èló wá ni kí ìdílé kó pamọ́? Fún mímu àti sísè oúnjẹ, ẹ ka lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́. Bí a bá fi ìwẹ̀ díẹ̀, ìfọwọ́ àti ìfọbọ́ kún un, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn tó ń ṣètò ibùdó àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé fi ń ṣe ìwọ̀n tí kò yẹ kó dín. Ilé ẹni mẹ́fà, fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò nílò lítà 270. Dúróòmù onílítà 200 kan àti kẹ́ẹ̀gì onílítà ogún mẹ́rin yóò gbé e, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Inú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin yẹn ni kí omi mímu wà. Kí dúróòmù jẹ́ ti ìwẹ̀ àti ìfọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Bí owó kò bá tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kẹ́ẹ̀gì kan lóṣù yìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ tún ka àlejò mọ́ ọn. Kí oṣù kẹta ọdún 2023 tó parí, iye àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé wọn ní Burkina Faso ti kọjá mílíọ̀nù méjì nínú ìṣirò ìjọba. Ní Djibo, lápá àríwá, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, àwọn agbébọn ba ojú omi jẹ́ láti fi òùngbẹ lé ìlú. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí àbúrò lápá ibẹ̀ mọ̀ pé ẹni mẹ́fà lè di mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun ìpọnmi ló kàn. Àwọn bàbá wa ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí agbè bá ṣì wà, a ó tún omi pọn. Ẹ wo agbè ọ̀hún dáadáa: ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ ọmọdé kò lè wọ ibẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ni àwọn onímọ̀ ìlera ń wàásù rẹ̀ lónìí, pé kí ohun tí omi mímu wà nínú rẹ̀ ní ẹnu tóóró, kó ní ìdérí tàbí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. Àmù ń mú omi tutù, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀ sọnù nínú ooru Ouagadougou. Ṣùgbọ́n ẹnu àmù gbòòrò, ife tí gbogbo ilé ń tì bọ̀ ọ́ sì ń kó ìdọ̀tí ọwọ́ gbogbo ilé wọ̀ ọ́. Bu omi sínú rẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì ní ìwọ̀n ti ọjọ́ kan, fi ìgbákọ ọlọ́wọ́ gígùn bù ú jáde, kí o sì gbé ìgbákọ náà kọ́ ara ògiri.

Kẹ́ẹ̀gì òróró jíjẹ dára bí ẹ bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí òórùn fi tán. Èyí tí a kò bá mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí, kí a fi í sílẹ̀ lọ́jà. Òwú jẹ́ ọ̀gbìn ńlá ní Burkina Faso, oògùn kòkòrò sì ni wọ́n ń fọ́n sí i. Ike oògùn bẹ́ẹ̀, fífọ̀ kò lè mú un mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa.

Ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ nìyí. Ní 2023, ibà dengue jà ní Burkina Faso débi pé àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú ju 100,000 lọ, ó sì pa èèyàn tó ju 600. Ouagadougou wà lára ibi tó ti le jù. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, Aedes, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun, kì í wá omi gọ́tà. Omi tó mọ́, tó dúró jẹ́ẹ́, nítòsí èèyàn, ló ń wá. Dúróòmù tí a kò bò lágbàlá ilé, ààfin rẹ̀ ni. Ọ̀sán ló sì máa ń jẹni jù, nítorí náà àpò ẹ̀fọn tí a ń sùn sí lóru kò tó. Ìdílé tó pọnmi nítorí ọ̀dá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin àìsàn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé nítorí èyí, kí a má pọnmi pamọ́ mọ́. Ìyẹn kò ṣe é ṣe nílùú tí ẹ̀rọ ti ń dákẹ́. Ìdérí ni ọ̀rọ̀ náà.

Ìdérí dúróòmù gbọ́dọ̀ bò ó pinpin. Bí kò bá sí, kí a na nẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ tínrín sí i lẹ́nu, kí a fi okùn rọ́bà dè é mọ́ ọrùn rẹ̀. Ẹ̀fọn kò ka pákó tí a kàn gbé lé e sí. Láti ẹyin títí dé ẹ̀fọn tó lè fò, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni nígbà ooru, nítorí náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a máa lo omi dúróòmù tán, kí a sì tún un pọn. Dídà á nù nìkan kò ran ọ̀rọ̀: ara ògiri dúróòmù, lókè díẹ̀ sí ojú omi, ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹyin yẹn sì lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó tún pa nígbà tí omi bá kàn án. Kànrìnkàn ni kí a fi gbo inú rẹ̀ yípo. Bí ẹ bá rí tanwíjí tó ń ta pọ́ún nínú omi, ẹ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kì í ṣe sínú gọ́tà.

Omi ONEA ti ní oògùn apakòkòrò nínú kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n oògùn náà máa ń ṣá bí omi bá ti ń pẹ́ nínú ooru. Omi kànga tàbí èyí tí kò dá wa lójú ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú kí a tó mu. Bí gáàsì bá wà, ẹ sè é títí yóò fi hó yaaya fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí, Javel, irú èyí tí a ń pè ní Jik nílé, yóò ṣe é, bí kò bá ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ nínú. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ike pé agbára rẹ̀ tó ìdá márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán méjì ni fún lítà kan, ogójì fún kẹ́ẹ̀gì onílítà ogún, èyí tí kò tó ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó bá rú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sọ ẹ̀kán náà di ìlọ́po méjì. Bí agbára tó wà lára ike bá yàtọ̀, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Oògùn omi oníhóró wà ní ilé ìtajà oògùn, ìlò rẹ̀ sì wà lára páálí.

Omi ọjọ́ tí a ó sá jáde yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí a ó jókòó sílé. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Kẹ́ẹ̀gì ogún lítà yóò já ẹni tó ń fi alùpùpù kó ọmọ méjì la àgbàrá kọjá lápá. Nítorí náà, kí a rọ omi sínú ike lítà kan àti lítà kan ààbọ̀, kí a dé e pa, kí a tò ó sínú báàgì tí gbogbo ilé mọ̀. Omi inú ọ̀rá náà dára fún èyí, bí oòrùn kò bá pa á, tí ẹnikẹ́ni kò sì kó ẹrù lé e. Kí báàgì náà wà lórí tábìlì tàbí kó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àgbàrá máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ti tó gbé nǹkan, kó gbé tirẹ̀, àní ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbé ike kan. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni kí a máa pààrọ̀ wọn, kí a fi ti àtijọ́ fọ aṣọ.

Kí àwọn ọmọ má sì bu omi inú báàgì yẹn mu lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ń ṣàn. Bí ọjọ́ ìsáré bá dé, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ọmọdé àti àgbàlagbà tí kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, kó tó kan bàbá ilé.