Ṣé mo lè dá lọ sí àwọn ìlú olódi àtijọ́ ní Ítálì?

ÌBÉÈRÈ

London ni mo ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti lé ní 60 ọdún. Ọmọ Ítálì kan tá a jọ ṣiṣẹ́ gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ ògiri. Orí rẹ̀ ni mo ti rí àwòrán San Gimignano, ìlú kékeré orí òkè tó kún fún ilé gogoro olókùúta. Láti ìgbà náà ló ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí i, àtàwọn abúlé olódi tó wà nítòsí rẹ̀. Ọkọ mi ìbá bá mi lọ, ṣùgbọ́n ó ti di olóògbé. Àwọn ọmọ ní kí n dúró de ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ẹgbẹ́ náà sì rèé, Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń dáwó sí. Mi ò gbọ́ èdè Ítálì, orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ojú tí wọ́n á fi wo obìnrin dúdú tó dá wà sì ń kọ mí lóminú. Ṣé kí n lọ?

Ìyá kan, Peckham

ÌDÁHÙN

Màmá wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ lọ. Ẹ má dúró de ẹgbẹ́ kankan. San Gimignano kò ṣàjèjì sí ẹni tó dá rìn. Ọ̀nà táwọn onígbàgbọ́ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Róòmù láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Via Francigena, gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí Sigeric, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ń ti Róòmù padà sílé ní nǹkan bí ọdún 990, wọ́n kọ orúkọ àwọn ibi tó ti sinmi sílẹ̀, San Gimignano sì wà nínú wọn. Títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń rin ọ̀nà náà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń dá rìn. Ẹ máa rí wọn nígboro, báàgì lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́.

Àwọn ilé gogoro yẹn, àwọn ọlọ́rọ̀ ló kọ́ wọn láti fi bá ara wọn figagbága. Ìdílé kan á kọ́ tirẹ̀, òmíràn á ní òun náà ò ní gbà, títí wọ́n fi tó nǹkan bí 72. Nǹkan bí 14 ló kù. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348 ló ba ìlú náà jẹ́. Ní 1353 ó bọ́ sábẹ́ Florence, ọlá rẹ̀ sì wọmi. Níbi tí owó ti wà, wọ́n wó irú ilé bẹ́ẹ̀ láti kọ́ tuntun. San Gimignano ò rówó ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló jẹ́ kí ẹ rí nǹkan lọ wò.

Bí ẹ ò bá ní gba ìmọ̀ràn mi mìíràn, ẹ gba èyí: ẹ sùn nínú odi, ó kéré tán òru méjì. Láàárọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa ń da àwọn tó wá wòran fún wákàtí díẹ̀ sẹ́nu bodè Porta San Giovanni, òpópónà á sì há gádígádí títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá lọ, á wá ku àwọn onílé àtàwọn àlejò tó sùn. Ẹ jí ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ lọ sí Piazza della Cisterna. Kànga tó wà ní ojúde náà ti wà níbẹ̀ láti 1273. Ẹ fọwọ́ pa etí rẹ̀: okùn tí wọ́n fi ń fa omi ti jẹ òkúta náà wọnú, ojú ibi tó jẹ gba ìka. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìgbé ayé mẹ̀kúnnù ìgbà yẹn ti hàn jù. Ilé gogoro, tọlọ́rọ̀ ni.

Nítorí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìwo ìtàn Fina nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Àìsàn rọ ọmọbìnrin yìí lápá lẹ́sẹ̀, orí pákó ló dùbúlẹ̀ sí fún ọdún mélòó kan títí tó fi kú ní 1253. Ọrẹ táwọn èèyàn mú wá síbi ibojì rẹ̀ ni wọ́n fi dá ilé ìwòsàn sílẹ̀. Domenico Ghirlandaio ya ìtàn náà sára ògiri. Ẹ wo obìnrin tó fọwọ́ gbé orí aláìsàn náà ró. Beldia lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ọmọ náà, ìtàn sì sọ pé ọwọ́ tó fi ń gbé e ró yẹn rọ. Nínú àwòrán kejì, níbi ìsìnkú, òkú Fina mú ọwọ́ náà lára dá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé aláìsàn rí, ohun tẹ́ ẹ máa rí nínú àwòrán yìí máa ju tàwa yòókù lọ.

Ní ti èdè àti ojú tí wọ́n á fi wò yín, ìkíni ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú. “Buongiorno” láàárọ̀, “buonasera” lálẹ́, kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ka ìkíni sí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kà á sí nílé. Ìlú kékeré ni, àwọn kan lè tẹjú mọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá ti kí wọn, wọ́n á dáhùn. Ilé ìtura máa gba pasipọ́ọ̀tì yín wò. Ẹ má rò pé nítorí àwọ̀ yín ni, òfin ni fún gbogbo àlejò. Bẹ́ ẹ bá sì rí “coperto” nínú ìwé owó oúnjẹ, owó ìjókòó ni, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Orúnkún yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì pọ̀. Ẹ wọ bàtà onírọ́bà, ẹ gbé báàgì ẹ̀yìn, ẹ sì béèrè yàrá ìsàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹ má gun ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Torre Grossa. Mítà 54 ni gíga rẹ̀. Ọgbà inú Rocca, odi àtijọ́ tó ti wó, kò gba kọ́bọ̀, ẹ sì máa rí àwọn ilé gogoro náà dáadáa látibẹ̀.

Nínú àwọn abúlé olódi tó wà nítòsí, ẹ lọ wo Monteriggioni. Ìlú Siena ló kọ́ ọ láàárín 1213 sí 1219 láti fi dènà Florence, 14 sì ni ilé ìṣọ́ tó yí odi rẹ̀ ká. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ fi máa rìn ín já. Ẹ má fẹsẹ̀ lọ láti San Gimignano, nǹkan bí kìlómítà 30 ni. Bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Sunday, torí bọ́ọ̀sì kì í pọ̀.

Láti dé San Gimignano, ẹ wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Pisa, rélùwéè lọ sí Empoli, ẹ pààrọ̀ sí ti Poggibonsi, bọ́ọ̀sì ló kù. Bí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè yín bá jẹ́ ti bébà, ẹ lu òǹtẹ̀ sí i nínú ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á bu owó ìtanràn lé yín. Bó bá jẹ́ pasipọ́ọ̀tì Nàìjíríà lẹ ní, ẹ máa gba físà Schengen, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń gbé London. Ẹ gba káàdì GHIC fún ìtọ́jú ìlera, ọ̀fẹ́ ni. Oṣù May tàbí òpin September ló tura jù. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé ìtura sílẹ̀ fún èyí tó ń bẹ̀rù jù nínú àwọn ọmọ yín, kẹ́ ẹ jọ mú aago kan tí ẹ ó máa pè é lálaalẹ́.